Ìmúbọ̀sípò: iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mì tán

Bí iná bá jó ilé kan ní Ìrẹmọ tàbí Ìlódè níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, ilẹ̀ kì í mọ́ kí ará àdúgbò tó gbé oúnjẹ dé. Ẹnì kan á yọ̀ǹda yàrá, ẹlòmíràn á kó aṣọ wá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ilé náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣé páànù ti wà lórí rẹ̀? Ṣé ìyá tó ń ta èlùbọ́ níwájú ilé ti padà sídìí igbá rẹ̀?

Oúnjẹ ọjọ́ kìíní yẹn là ń pè ní ìrànwọ́ pàjáwìrì. Bí ilẹ̀ bá mì tìtì tó sì wó ìlú, òun náà ni yíyọ ènìyàn lábẹ́ àwókù, omi mímu, oògùn àti àgọ́. Páànù àti igbá èlùbọ́ ni ìmúbọ̀sípò: kí ẹni tí ilé wó lé lórí tún di onílé, kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ padà sílé ìwé. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka ti àkọ́kọ́. Ọdún ni wọ́n fi ń ka èkejì, òun sì ni àwa tí à ń dáwó máa ń gbàgbé.

Ẹ wo Haiti. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì nítòsí Port-au-Prince, olú ìlú wọn. Agbára rẹ̀ jẹ́ 7.0 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ mímì. Ó pa ju 100,000 ènìyàn lọ, ó sì sọ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ di aláìnílé. Gbogbo ayé ló dáwó. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣì ń sùn nínú àgọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2010 kan náà, ilẹ̀ mì ní Chile pẹ̀lú agbára 8.8, èyí tó le ju ti Haiti lọ fíìfíì. Àwọn tó kú níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 500. Chile ti rí tirẹ̀ lọ́dún 1960, wọ́n sì fi òfin ilé kíkọ́ múlẹ̀ gidi. Ní Haiti, búlọ́ọ̀kù tí kò lágbára àti dẹ́kìn tó wúwo ló wó lé àwọn ènìyàn lórí.

Àwọn àgbà wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní Sendai, ní Japan, lọ́dún 2015 nìyẹn: kí ohun tó wó di èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ilé ọba ni òwe náà sọ. Ọba ní ènìyàn tí yóò bá a gbé igi àti amọ̀. Ta ni yóò gbé e fún opó?

Nepal gbìyànjú láti dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mì níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, nǹkan bí 9,000 ènìyàn ló kú, ilé tó sì wó ju 500,000 lọ. Ìjọba kò kọ́ ilé fún wọn. Wọ́n ní àwọn yóò fún onílé kọ̀ọ̀kan ní 300,000 rúpì, owó ilẹ̀ wọn, lápapọ̀, tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Onílé á gba ti àkọ́kọ́, á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà á wá yẹ iṣẹ́ wò kí ti èkejì tó jáde. Wọ́n kọ́ àwọn bíríkìlà láti fi nǹkan bí ọ̀já di ògiri, ní ìpìlẹ̀, lókè fèrèsé àti lábẹ́ òrùlé, bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kó má baà yọ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí, nítorí pé onílé fúnra rẹ̀ ló ń wá bíríkìlà tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé owó náà pẹ́ kó tó débẹ̀, àwọn tálákà sì tọrùn bọ gbèsè láti parí ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Ibi tí àpáta ti là, irú èyí tí ilẹ̀ ti lè mì, gba abẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀wàrà kọjá, láàárín wa àti Iléṣà, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sì ti ṣèwádìí rẹ̀. Kò tíì wó ìlú, mo sì gbàdúrà kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà míì tí wọ́n bá gbé àpótí ìrànwọ́ yípo ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ dáwó. Ẹ má kó aṣọ tí ẹ ò wọ̀ mọ́ ránṣẹ́. Ṣe ló máa ń dí ojú ọ̀nà níbi tí oògùn yẹ kó gbà. Kí ẹ sì bi ẹni tó gbé àpótí wá pé èló nínú owó yìí ni wọ́n fi pamọ́ fún ọdún kejì.