Kí ni họ́ọ̀sì bíréèkì, kí ló sì ń ṣe é bí wọ́n bá gbé píkọ́ọ̀pù sókè?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú Hilux kan. Ẹ máa rí rọ́bà dúdú kan tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Orí rẹ̀ kan wà lára ṣáàsì, níbi tó ti pàdé páìpù irin. Orí kejì kọjú sí kálípà tó gbá dísìkì mú. Òun ni họ́ọ̀sì bíréèkì. Páìpù irin ló ń gbé epo bíréèkì bọ̀ láti másítà, ibi tí pẹ́dálì ti ń ti epo náà jáde, ṣùgbọ́n irin kò lè máa bá táyà lọ sókè sódò kó tún máa bá a yí sọ́tùn-ún sósì. Kò ní pẹ́ kán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi rọ́bà parí ọ̀nà náà.

Kékeré kọ́ ni iṣẹ́ rọ́bà yìí. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 30 sí 40 psi lọ (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ tàbí epo fi ń ti nǹkan). Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì pàjáwìrì, ohun tó ń gba inú họ́ọ̀sì kọjá lè ju 1,000 psi lọ. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé họ́ọ̀sì tí ihò inú rẹ̀ kò ju 1/8 ínǹṣì lọ gbọ́dọ̀ fara da 7,000 psi kó tó bẹ́. Okùn tí wọ́n hun sáàárín rọ́bà inú àti rọ́bà ìta ló ń fún un ní agbára yẹn, okùn yìí náà ló sì ń já bí wọ́n bá ń fa họ́ọ̀sì.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà oko kòkó àti ojú ọ̀nà Ìtagunmódì lẹ́yìn Iléṣà máa ń gbé píkọ́ọ̀pù wọn sókè kí abẹ́ rẹ̀ má baà máa gbá ilẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fà. Bí ó bá jẹ́ pé sípíríǹgì àti ṣọ́kì ni wọ́n pààrọ̀ tàbí tí wọ́n fi irin lé wọn lórí, ṣáàsì á jìnnà sí táyà, họ́ọ̀sì á sì kúrú. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́dì nìkan ni wọ́n gbé kúrò lórí ṣáàsì, họ́ọ̀sì iwájú kò mọ nǹkan kan sí i; páìpù tó ti ọ̀dọ̀ másítà sọ̀kalẹ̀ sí ṣáàsì ni kí ẹ yẹ̀ wò, torí ara bọ́dì ni másítà wà.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé bí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, họ́ọ̀sì á dẹ̀, ẹ ò ní rí àléébù kankan. Ọjọ́ tí táyà kan bá já sí kòtò nígbà tí ẹ ti yí sítíárì dé ibi tó parí sí, ọjọ́ náà ni họ́ọ̀sì á nà tán bí okùn ewúrẹ́ tó ti fa èèkàn rẹ̀ dé òpin. Ó lè má já lọ́jọ́ náà. Ìdí irin tí wọ́n fi tẹ orí rẹ̀ mọ́ ọn ni okùn inú á ti máa já díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ tán ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kí ẹ sì gbé ìdúró irin sábẹ́ ṣáàsì fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ apá ìsàlẹ̀ tó di táyà mú, torí táyà kò ní rọ̀ dé òpin. Ẹ yọ táyà. Ẹ fi okùn tẹ̀ lé ọ̀nà tí họ́ọ̀sì ń gbà, láti ìkọ́ ara ṣáàsì dé kálípà, kí ẹnì kan sì yí sítíárì tán sọ́tùn-ún àti sósì. Ibi tó bá gùn jù ni ìwọ̀n yín. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un. Gígùn àṣejù kò dáa náà, táyà á máa fi ara ha á.

Nípa rírà, ẹ ra méjèèjì pa pọ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún bíréèkì. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń gé họ́ọ̀sì katapílà, wọ́n á tẹ irin sí i lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Rọ́bà tó ń gbé oìlì katapílà kì í bá epo bíréèkì rẹ́. Á wú láti inú, á sì dí.

Kí ẹ tó tú họ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ fọ́n oìlì sí nọ́ọ̀tì páìpù, ẹ jẹ́ kó mu ún dáadáa. Sípánà 10 ni ti ọ̀pọ̀ Toyota, ṣùgbọ́n èyí tó gbá gbogbo igun nọ́ọ̀tì mú tó ní àlàfo tí páìpù lè gbà wọlé ni kí ẹ lò. Sípánà lásán á jẹ igun rẹ̀ dànù. Ẹ fi sípánà kejì di orí họ́ọ̀sì mú. Tí ẹ kò bá dì í mú, páìpù á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, iṣẹ́ á wá di méjì. Ẹ fa kílíìpù yọ, ẹ dí ẹnu páìpù kí másítà má baà gbẹ; afẹ́fẹ́ tó bá wọnú ẹ̀rọ ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ bíréèkì) lè béèrè kọ̀ǹpútà kó tó jáde. Bí ẹ bá yọ kálípà, wáyà ni kí ẹ fi so ó kọ́.

Níbi kálípà, bí bọ́ọ̀tì rẹ̀ bá jẹ́ oníhò láàárín, wásà bàbà tuntun méjì ló ń lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ orí họ́ọ̀sì. Wásà àtijọ́ ti tẹ̀, á jò. Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé kí sípánà tó kàn án. Ẹ wá wo ara họ́ọ̀sì: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí. Bí ìlà náà bá ń yí po bí ejò tó wé igi, ẹ ti lọ́ ọ. Ẹ tú u, kí ẹ tún un dè kó lọ gbọọrọ.

Afẹ́fẹ́ ló kù láti fà jáde, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bílíìdì. Epo bíréèkì tuntun tó jẹ́ irú DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí ẹ lò, èyí tí wọ́n kọ sára ìdérí másítà. Líta kan á tó, á sì ṣẹ́ kù. Ẹ má da ti ìgò tó ti ṣí látọjọ́ pípẹ́ sí i, torí ó máa ń fa omi mọ́ra. DOT 3 tuntun kì í hó kó tó di 205°C, ṣùgbọ́n tó bá ti mu omi, ó lè hó ní 140°C, bíi tìgbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ìmẹ̀sí-Ilé pẹ̀lú ẹrù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ èrò, tó jìnnà sí másítà, kí ẹ tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á tẹ pẹ́dálì bíréèkì, á ní, “Ọ̀gá, mo ti tẹ̀ ẹ́.” Ọ̀gá á ní, “Má gbẹ́sẹ̀ o!” kó tó tú nípùlù, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré ara kálípà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, díẹ̀. Kó tì í pa kí ọmọ náà tó gbẹ́sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á padà wọlé. Ẹ máa bu epo kún másítà, kí ẹ sì tún un ṣe títí ìfófòó kò fi ní jáde mọ́.

Bí pẹ́dálì bá ti le, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹnì kan máa fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo orí nọ́ọ̀tì. Tí kò bá jò, ẹ kọ́kọ́ dán an wò jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lẹ́yìn ìrìn kòtò àkọ́kọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ibi tó bá ń dán lára rọ́bà náà ni táyà tàbí ṣọ́kì ti ń ha á. Ẹ yí ìkọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.