Fọ́ọ̀mù nínú HTML: àpótí tí kò lórúkọ kò gbé nǹkan kan délé

Ẹni tó bá ti gba fọ́ọ̀mù rí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ mọ bó ṣe ń rí. Ìwé kan ni, ìlà gbọọrọ wà lára rẹ̀, "Orúkọ" níbí, "Àdírẹ́sì" lọ́hùn-ún. Ẹ kọ ọ́ tán, ẹ fún akọ̀wé, akọ̀wé gbé e wọlé. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ń fi HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé, ṣe, kò yàtọ̀ sí èyí púpọ̀, àfi pé kò sí akọ̀wé tí yóò wojú yín kó lóye ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Búráúsà, ètò tí a fi ń ṣí ojú ewé, ló wà níbẹ̀. Ohun tí a bá ní kó kó ló ń kó, ibi tí a bá sì rán an ló ń lọ.

Èmi náà ti rán an níṣẹ́ òfìfo rí. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ní kí n bá òun ṣe ojú ewé tí àwọn oníbàárà tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn á fi máa béèrè aṣọ. Mo ṣe àpótí mẹ́rin: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, irú àdìrẹ, iye yáàdì. Mo tiẹ̀ fi àwọ̀ aró kun bọ́tìnì rẹ̀. A dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ náà jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé oníbàárà wa ò lórúkọ ni?"

Wọn ò mọ̀ pé ibi tó ń dùn mí gan-an ni wọ́n fọwọ́ bà. Oníbàárà lórúkọ. Àpótí ni kò ní.

Ẹ wo kékeré yìí:

<form action="/ibere" method="post">
  <label for="yd">Yáàdì mélòó lẹ fẹ́?</label>
  <input id="yd" name="yaadi" type="number" min="5" step="5" required>
  <button>Fi ránṣẹ́</button>
</form>

form ni àpò tó kó gbogbo rẹ̀ sínú. action ni ibi tí ẹrù ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń kà lójú ewé ni label, for tó wà lára rẹ̀ ló so ó mọ́ id àpótí náà, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ "Yáàdì mélòó lẹ fẹ́?" pàápàá, inú àpótí lẹ máa bá ara yín. Òun náà ni ẹ̀rọ tó ń kàwé fún àwọn tí kò ríran máa kà sókè. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń fo label, wọ́n á fi placeholder dípò, ìyẹn ọ̀rọ̀ ràìràì tó máa ń wà nínú àpótí. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí ènìyàn bá ti tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà ti lọ, ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n bi í á sì máa wò suu.

Ó ku name. id kì í kúrò lójú ewé, name ló ń bá ẹrù rìn. Bí oníbàárà bá kọ 10, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ sáfà, kọ̀ǹpútà tó dúró gba ẹrù lọ́hùn-ún, ni yaadi=10. Bí name kò bá sí, búráúsà kò ní bú yín, kò ní kìlọ̀, yóò kàn fi àpótí náà sílẹ̀ ni. Gbogbo àpótí mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní id, kò sí ọ̀kan tó ní name.

Ti irú àdìrẹ tún le ju ìyẹn lọ. Oníko, ẹlẹ́kọ, alábẹ́rẹ́: ọ̀kan péré ni kí oníbàárà mú, nítorí náà type="radio" ló yẹ, àpótí róbótó tí a ti ń mú ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, name="iru", kí búráúsà tó mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí orúkọ wọn bá yàtọ̀, ènìyàn á mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. value ló wá ń sọ èwo ni wọ́n mú. Ẹni tó bá gbàgbé value, iru=on ló máa rí gbà. Kí ni ìyá alàdìrẹ fẹ́ fi on ṣe?

Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye, ẹ má fi type="number" sí i. Kò ní gba +234, bí ètò orí sáfà bá sì sọ 080 di iye lásán, òdo iwájú ti dàwátì. type="tel" ni kí ẹ lò. Á gbé pátákó nọ́ńbà jáde lórí fóònù.

Ní ti method, ìyẹn ọ̀nà tí ẹrù ń gbà lọ, get máa ń to ohun tí ènìyàn kọ sẹ́yìn àdírẹ́sì ojú ewé, lẹ́yìn àmì ìbéèrè, bí ẹni gbé ẹrù sórí atẹ gba Pánsẹ́kẹ̀ kọjá. Ó dára fún wíwá nǹkan, torí ẹ lè fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. post máa ń kó o sínú àpò. Àpò ọ̀hún kò ní kọ́kọ́rọ́ o: https, ọ̀nà tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ títí yóò fi dé sáfà, ló ń tì í.

required (àpótí kò gbọ́dọ̀ ṣófo), min (iye tó kéré jù) àti step (iye tí a fi ń gòkè) dà bí máìgádì ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń ran ẹni tí kò ní èrò ibi lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé á wọlé, torí náà sáfà gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ohun kan kù tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá. Ẹ fi <meta charset="utf-8"> sórí ojú ewé. Òun ló ń sọ fún búráúsà pé kó lo utf-8, ètò lẹ́tà tó gba ẹ, ọ àti ṣ wa. Láìsí i, búráúsà lè ka ojú ewé náà sí ti àwọn lẹ́tà òyìnbó nìkan, kí ọ tí oníbàárà tẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ yín bíi &#7885;.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ní àwọn kan fẹ́ ṣàlàyé irú àwọ̀ tí wọ́n ń wá, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń gùn. textarea, àpótí ńlá tó ń gba ọ̀rọ̀ gígùn, ni mo lò. Mo kọ name="awo" kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn sára rẹ̀.