Ìlà tí compiler gé dànù

Láàárín ẹni tó kọ kóòdù àti kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é, compiler wà ńbẹ̀. Òun ló ń sọ èdè C di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Tí wọ́n bá fi -O2 sí i pé kí iṣẹ́ lè yá, kì í ṣe ògbufọ̀ lásán mọ́: á tún ìlà tò, á ṣírò ohun tó bá ṣeé ṣírò sílẹ̀, á sì gé èyí tí kò bá wúlò dànù. Òfin kan ló dè é: èsì ètò tó bá pa òfin èdè C mọ́ kò gbọdọ̀ yí padà.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ìlà kan kò wúlò? Ní 2009, ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ sílẹ̀ nínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò Linux tó ń darí ẹ̀rọ. Nínú dráífà TUN, apá kernel kan tó jẹ mọ́ network, tun jẹ́ pointer, ìyẹn àdírẹ́sì ibi tí nǹkan wà nínú memory. Kóòdù kọ́kọ́ ka tun->sk, ìyẹn sk tó wà níbi tí tun ń tọ́ka sí, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń bèèrè pé if (!tun), ìyẹn ni pé ṣé pointer yìí tiẹ̀ ń tọ́ka sí nǹkan kan. Bí ẹni tó ti wọ yàrá tán kó tó ké àgò ni. GCC, compiler tí wọ́n fi ń kọ́ kernel náà, ní òun ti rí i pé wọ́n lo tun, òfin C kò sì gbà kí wọ́n lo pointer tó ṣófo. A jẹ́ pé tun kò lè ṣófo. Ló bá gé ìbéèrè náà kúrò. Ẹni ibi tó bá ti to nǹkan tirẹ̀ sí àdírẹ́sì 0, ibi tí pointer tó ṣófo ń tọ́ka sí, kò wá rí ohun tó máa dá a dúró mọ́, ó lè gba ibẹ̀ di root, ìyẹn ẹni tó ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ náà. Wọ́n tún ìlà méjèèjì tò, wọ́n sì fi -fno-delete-null-pointer-checks, tó ní kí GCC má gé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́, kún bí wọ́n ṣe ń kọ́ kernel.

Ká sòótọ́, GCC kò rú òfin níbí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ké pé compiler ba iṣẹ́ òun jẹ́, kóòdù tirẹ̀ ló ní àbùkù.

Àmọ́ compiler náà máa ń ṣìṣe gan-an. Ní Yunifásítì Utah, wọ́n ṣe Csmith, tó máa ń fúnra rẹ̀ kọ ètò C tó pa òfin mọ́. Wọ́n á kó ètò kan náà fún oríṣiríṣi compiler. Èyí tí èsì rẹ̀ bá yà kúrò lára ti àwọn yòókù ni wọ́n á fura sí. Nígbà tó fi máa di 2011, àbùkù tí wọ́n ti fi tó àwọn tó ń ṣe compiler létí ti lé ní 325.

Nítorí náà, tí ètò bá ṣe dáadáa ní -O0, níbi tí compiler kì í ti wá bí iṣẹ́ ṣe máa yá, tó wá ṣìṣe ní -O2, -fsanitize=undefined, tó ń tú ibi tí kóòdù ti rú òfin C síta bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ kóòdù wò. Tí kò bá rí nǹkan kan, kí wọ́n wá máa gé ètò náà kéré títí yóò fi ku ìwọ̀nba ìlà tó ṣì ń ṣàṣìṣe, kí wọ́n tó fi ẹjọ́ compiler sùn.