Alágbàsọ ni orúkọ rẹ̀, ẹ yé pè é ní búsítà

Ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì náà, ní Ìkẹjà, ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀ tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi lójú. "Ọ̀gá, ẹ wò ó, gbogbo èyí tó wà ládùúgbò ló jáde síbí, búsítà wa nìkan ni ò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ tó ń jẹ́, kí sì ni pásíwọọ̀dù ẹ̀?" Mo wo ojú fóònù náà. Ibi tí wọ́n ti ń wá Wáífáì ló ṣí. Wáífáì ilé ìtajà ìsàlẹ̀, ti ilé oúnjẹ òdìkejì títì, ti ọ́fíìsì tiwọn gan-an, gbogbo wọn tò síbẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń wá a.

Ọmọ náà kì í ṣe òpè, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ dá mi lójú. Orúkọ tí wọ́n fi mú nǹkan náà wá sílé ló ṣì í lọ́nà. Wọ́n sọ fún un pé búsítà ni, pé ó ń fún ilé ní nẹ́tíwọ̀kì. Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí á gbà pé inú àpótí yẹn ni nẹ́tíwọ̀kì ń gbé, pé ó di dandan kí fóònù lọ bá a níbẹ̀ kó tó rí i lò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kì í so mọ́ àpótí yẹn, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nílé ayé. Òpó MTN, Airtel tàbí Glo tó wà lóde ni fóònù ń bá sọ̀rọ̀. Àpótí náà, tó ní áńtẹ́nà kan lórí òrùlé àti òmíràn nínú ilé, ń gba ọ̀rọ̀ ti fóònù, ó ń sọ ọ́ fún òpó. Ó ń gba ti òpó, ó ń sọ ọ́ fún fóònù. Ohun tó ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní alágbàsọ.

Orúkọ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àtàwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ tán pátá.

Àwọn kan ń pè é ní "ẹ̀rọ amúnẹ́tíwọ̀kì-lágbára-sí-i". Ẹ dákun, ta ló lè pariwo ìyẹn láti orí òrùlé sí ẹni tó di wáyà mú nísàlẹ̀? Gbólóhùn odindi ni, kì í ṣe orúkọ. Àṣìṣe inú rẹ̀ sì burú ju gígùn rẹ̀ lọ: ó ní ó ń fi agbára kún nẹ́tíwọ̀kì, àmọ́ tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì kankan lóde ńkọ́? Kí ló fẹ́ fi agbára kún? Mo ti rí ẹni tó ra méjì, ó so ìkejì mọ́ àkọ́kọ́ nítorí orúkọ yìí, ó gbà pé bí agbára bá ti di méjì, nẹ́tíwọ̀kì á wá. Àwọn mìíràn ní "ẹ̀rọ apèsè ìlà". Ẹni tó ń pèsè ní nǹkan lọ́wọ́. Èyí kò ní kọ́bọ̀. Ìlà sì ni ohun tí a fà sórí ìwé tàbí tí a kọ sí ojú ọmọ. Ẹnì kan kì í dúró ní Ọ̀jọ́ta kó ní "kò sí ìlà níbí". Nẹ́tíwọ̀kì la máa ń sọ, ó sì ti di tiwa.

N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Fóònù, wáyà, síìmù, áńtẹ́nà, gbogbo wọn ni mo ń fi ẹnu mi pè láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sí èyí tó dùn mí. Búsítà ló ń dùn mí, torí kò wọlé lófìfo. A ti ní búsítà tí a ń so mọ́ áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n, a ní abẹ́rẹ́ búsítà tí wọ́n gún wa nígbà kòrónà. Gbogbo wọn ló ń fi kún ohun tó ti wà nílẹ̀, wọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni fèsì. Èyí tí à ń sọ yìí ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ó bá ń mú ohùn òpó wọlé tí kò sì gbé ohùn fóònù jáde, igi nẹ́tíwọ̀kì á kún fọ́fọ́ lójú fóònù, ìpè ò sì ní lọ. Ẹni tó ń pè é ní búsítà ò ní lóye ìdí tí irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀ láéláé.

Ẹ wá wo bí èdè wa ti ṣe irú orúkọ yìí sílẹ̀. Ẹni tó ń gba aṣọ aláṣọ fọ̀ ni alágbàfọ̀; aṣọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ ni alágbàtọ́. Òun kọ́ ló bí i. Ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sọ, kí ló kù ká pè é bí kò ṣe alágbàsọ? Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ náà, ẹ ti mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi, tó kọ́ni ní Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní àgbàsọ ti ní àbùkù nínú, pé òfófó ni. N kò gbà. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ti kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àgbàsọ, kò sí òfófó níbẹ̀: ohun tí Táyé wí ni Kẹ́hìndé ń wí fún ẹlòmíràn. Olùkọ́ náà dábàá agbẹnusọ. Agbẹnusọ ń ro ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, ó ń gbèjà ọ̀gá rẹ̀, ó lè fi kún un, ó lè yọ kúrò. Àpótí yìí kì í ronú. Ògbufọ̀ ńkọ́? Ògbufọ̀ ń yí èdè padà, èyí kì í yí i. Atúnsọ ló sún mọ́ ọn jù, mo sì fẹ́ràn ẹni tó dá a lábàá, àmọ́ ó ti jẹ "gbà" mọ́lẹ̀, nínú "gbà" yẹn gan-an sì ni ìdajì gbogbo wàhálà wà. Ohun tí wọn ò gbà, wọn ò lè sọ.

Ẹ wo àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Ẹnì kan wà nísàlẹ̀, ó ti wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ẹni tó ń fa okùn garawa wà lókè, ó jìnnà díẹ̀ sí ojú kànga. Ohùn ẹni ìsàlẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ń gbé e mì. Ẹnì kẹta ló máa ń kúnlẹ̀ sétí kànga. Ẹni ìsàlẹ̀ á ní "Fà á!" Ẹni etí kànga á gbé orí sókè, á ké e: "Fà á!" Ẹni òkè á ní "Dúró ná!" Òun á tún dorí kodò, á ké ìyẹn náà sínú kànga. Kò gbẹ́ ilẹ̀, kò fa okùn, síbẹ̀ tí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ dúró. Fóònù yín ni ẹni ìsàlẹ̀ yẹn. Kànga náà ni ọ́fíìsì yín, pẹ̀lú dẹ́kìn àti gíláàsì dúdú tí wọ́n fi irin tín-ín-rín kùn lójú. Ẹni tó ń fa okùn ni òpó.

Bí fóònù kò bá wá rí nẹ́tíwọ̀kì nínú ilé tí alágbàsọ wà, "gbà" ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ mú fóònù gun orí òrùlé, ẹ dúró ti áńtẹ́nà òde. Ẹ má wo igi, igi ń parọ́. Nọ́ńbà ni kí ẹ wò: lórí Android, ó wà lábẹ́ ìsọfúnni nípa fóònù, níbi ipò síìmù, lórí iPhone, ẹ tẹ *3001#12345#*, kí ẹ pè é. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni. Bí ó bá wà ní -70 tàbí -80, ohùn òpó ń ké dáadáa. Bí ó bá ti lọ sí -110, ẹni etí kànga alára kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ má bá a jà. Áńtẹ́nà ni kí ẹ gbé ga sí i tàbí kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn. Áńtẹ́nà tó bá kọjú síbì kan ṣoṣo, tó sì kọjú sí òpó MTN, ó lè kẹ̀yìn sí ti Airtel. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "tèmi ń ṣiṣẹ́, tìẹ ni ò ṣiṣẹ́" ti ń wá nínú ọ́fíìsì kan náà.

Èyí tó pọ̀ jù báyìí ni ti èdè. Ẹni etí kànga gbọ́ Yorùbá, Ègùn sì ni ẹni ìsàlẹ̀ ń sọ. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di, èdè náà ni kò yé e. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ìgbì rédíò 900 àti 1800 MHz ni gbogbo wa ń lò; nọ́ńbà ìgbì yìí ni mò ń pè ní èdè. 3G tẹ̀ lé e pẹ̀lú 2100. Lẹ́yìn náà ni 4G dé: ti MTN ń lo 800 àti 2600, ti Airtel ń lo 1800. Láti 2022 ni MTN ti ń ta 5G lórí 3500. Alágbàsọ tí wọ́n ṣe fún 900 àti 2100 nìkan kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní 800 rárá. Fóònù tuntun sì fẹ́ràn 4G débi pé bó bá rí àjẹkù rẹ̀ lójú fèrèsé, á rọ̀ mọ́ ọn, á fi 3G tó ń ké gbọ̀ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà nìyẹn. Mama tó jẹ́ akọ̀wé, tó ń lo fóònù oníbọ́tìnnì, ń pe ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Akáńtáǹtì, tí fóònù tirẹ̀ kò tíì lo oṣù mẹ́ta, gun àga, ó gbé fóònù náà ka áńtẹ́nà inú ilé títí ó fi ń kan án, nẹ́tíwọ̀kì ò wá. Mo gba fóònù náà, mo wọ inú ètò nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀, mo yí i sí 3G nìkan. Kò pé ìṣẹ́jú kan, àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì mẹ́fà wọlé tẹ̀lé ara wọn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn, àyẹ̀wò ni. Ó fi hàn pé alágbàsọ yè, pé èdè ni kò gbọ́. Àpótí tó gbọ́ èdè 4G ni wọ́n nílò. Kí ẹ tó ra irú ẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà MHz tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fọwọ́ sí i.

Ní ti "sọ", ìkìlọ̀ kan ni mo ní tó le. Bí ẹni etí kànga bá ké sínú kànga, kànga á gbé ohùn rẹ̀ padà fún un. Bí kò bá dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀, á rò pé ẹni ìsàlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, á tún ké e, kànga á tún dá a padà, ariwo á wá gba gbogbo ilé. Báyìí ni ti áńtẹ́nà òde àti ti inú bí wọ́n bá sún mọ́ra jù. Alágbàsọ tó ń fi 70 dB (dB ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ohùn) kún ohùn ń sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po mílíọ̀nù 10, torí náà ìwọ̀nba tó bá sá padà tó láti ya wèrè bò ó. Àpótí tó dára á tan iná pupa, á rẹ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kó pa ara rẹ̀, ẹ ó sì ní ó ti bàjẹ́. Èyí tí kò dára á máa ké lọ, á sì di òpó gbogbo àdúgbò létí. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo wọ̀, òrùlé páànù kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn áńtẹ́nà méjèèjì. Ẹ gbé ti òde ga, kí ti inú wà nísàlẹ̀ dáadáa, kí dẹ́kìn wà láàárín wọn.

Wáyà tí omi ti wọ orí rẹ̀, iná tí kò dúró, ẹ ti mọ ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù tí kò tíì gbàgbé òpó tó ti ń bọ̀: ẹ tẹ àwòrán ọkọ̀ òfuurufú, ẹ kà dé 15, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà.

Nígbà tí a gbé àpótí tuntun sí ọ́fíìsì yẹn, mo fi gègé kọ ALÁGBÀSỌ sára rẹ̀ gàdàgbà, mo sì ṣàlàyé kànga fún gbogbo wọn. Nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò jà, mama akọ̀wé pè mí láti ojú títì. Kò ní búsítà ti kú, kò ní nẹ́tíwọ̀kì ò so mọ́ fóònù. Ó ní, "Ẹnjiníà, iná alágbàsọ wa ń tàn, ó dà bíi pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lóde ni. Mo ti ní kí wọ́n lọ wo orí òrùlé." Kí n tó dé ibẹ̀, ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ti gun òkè, ó ti bá áńtẹ́nà tó dojú bolẹ̀, ó ti gbé e dìde, ó sì ń fi fóònù rẹ̀ wo nọ́ńbà: -78.