Ẹ Kọ́kọ́ Ṣí Fèrèsé Yàrá Àdúrà Yín

Ọdún 23 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ l'Ékòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mánéjà kan ní kí n wá wo yàrá ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kí òṣìṣẹ́ lè máa gbàdúrà tàbí sinmi níbẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Mo wọlé, mo wá fèrèsé tì. Ibi tí wọ́n ń kó páálí sí tẹ́lẹ̀ ni. Ìkẹrin irú rẹ̀ rèé lọ́dún yìí.

Bóyá òṣìṣẹ́ nílò irú yàrá bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò kàn mí; ta ni kò mọ̀? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 fi ó kéré tán wákàtí kan sinmi, kí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú sì ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kó ti lò ó? Kí n tó gbàgbé, ẹ má kàn nàka síbi tí oòrùn ti ń yọ kí ẹ pè é ní gábàsì, ibi tí Mùsùlùmí ń kọjú sí kírun. Láti Èkó, Mẹ́kà yà kúrò ní ìlà oòrùn gan-an sí ìhà àríwá ní nǹkan bíi digíríì 27.

Jẹnẹrétọ̀ ló gbé mi jókòó síbí.

Iléeṣẹ́ kékeré kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹ̀yìn yàrá àdúrà wọn ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù sí, èéfín rẹ̀ dojú kọ ihò kékeré tó wà lókè ògiri. Ìyá kan tó ń di ọjà sí páálí wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta: orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, bó bá délé á lọ. Èmi náà fún un ní parasitamó lẹ́ẹ̀mejì, ojú ń tì mí di òní. Lọ́jọ́rú kan tí wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, wọ́n sáré wá pè mí. Obìnrin náà ti nà gbalaja sórí ẹní. Èèyàn mẹ́fà yí i ká, wọ́n ń lé ẹ̀mí òkùnkùn, ọ̀kan ń da òróró sí i lórí. Ẹni tó ṣáájú wọn, akọ̀wé stọ́ọ̀ ni, kì í ṣe pásítọ̀ níbì kankan, ní kí n má ṣílẹ̀kùn, pé ẹ̀mí náà ti fẹ́ jáde. Ẹsẹ̀ òun alára kò ranlẹ̀ mọ́! Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, a gbé obìnrin náà síta, mo ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ọ́síjìn ni wọ́n fi gbà á là nílé ìwòsàn. Méjì nínú àwọn tó ń gbàdúrà fún un bì sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá wọn tún sanwó fún ẹnìkan tó wá fi omi wọ́n ògiri. Ìdámẹ́ta owó yẹn ìbá ra ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín bá ti pọ̀ jù.

Carbon monoxide lorúkọ ohun tó wà nínú èéfín náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ọ́síjìn ló yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa gbé kiri ara, ṣùgbọ́n agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń di carbon monoxide mú ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó bá ń sáré kiri lè tètè fura. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tó dijú ńkọ́? Á rò pé ọkàn òun ló ń balẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí fèrèsé wà, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ilẹ̀kùn náà láti inú. Mùsùlùmí, Kristẹni, oníṣẹ̀ṣe, ẹni tí kò gbàdúrà rárá tó kàn fẹ́ sinmi ojú, afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí.

Mánéjà ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà wá bi mí pé àwọ̀ kọ́tìnnì wo ló máa ń fọkàn èèyàn balẹ̀ jù. Kọ́tìnnì, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Mo ní kó jẹ́ ká rìn dé ẹ̀yìn ilé. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ògiri.