Sípíkà LS3/5A

LS3/5A jẹ́ sípíkà kékeré tí ilé-iṣẹ́ BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní àwọn ọdún 1970 fún iṣẹ́ inú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 19. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ju ohun tí kẹ́ẹ̀gì epo olílítà 5 lè gbà lọ. Wọn kò ṣe é fún yàrá ìgbàlejò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nígbà tí BBC fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni láṣẹ láti máa ṣe é tà, àwọn tó fẹ́ràn orin gbé e wọlé, ó sì di ọ̀kan lára àwọn sípíkà ilé tí àwọn onímọ̀ ìró ti yẹ̀ wò jù lọ. Nínú orúkọ rẹ̀, LS dúró fún sípíkà, 3 fi hàn pé iṣẹ́ ìta ni ó wà fún, A sì tọ́ka sí àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ti àkọ́kọ́.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ẹ̀ka ìwádìí BBC wà ní Kingswood Warren ní ìpínlẹ̀ Surrey nígbà náà. Kí àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ tó kọ́ sítúdíò tuntun, wọ́n máa ń kọ́ àwòṣe rẹ̀ tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ lọ, wọn a sì dán ìró wò nínú rẹ̀. Bí iyàrá bá kéré ní ìlọ́po 8, ìgbì ìró náà gbọ́dọ̀ kúrú ní ìlọ́po 8. Èyí ni pé ìró 50 Hz (èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) nínú sítúdíò gidi á di 400 Hz nínú àwòṣe. Nítorí náà wọ́n nílò sípíkà tí ó kéré tó láti wọ inú àwòṣe náà, tí ohùn rẹ̀ sì mọ́ láti nǹkan bí 400 Hz lọ sókè.

Àkókò náà ni ìṣòro mìíràn wà nílẹ̀ ní BBC. Inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ètò jáde láti pápá eré bọ́ọ̀lù tàbí gbọ̀ngàn orin há gan-an, kò sì sí àyè fún sípíkà ńlá. Ohun tí wọ́n máa ń fi sétí kò sì tó láti fi mọ̀ bóyá ohùn dára tàbí kò dára. Àpótí kékeré inú àwòṣe ni wọ́n wá ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n pè ní LS3/5, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n tíì ṣe nínú rẹ̀ tí wọ́n fi rí i pé wúfà (apá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) àti twítà (apá tó ń gbé ohùn òkè jáde) tí ilé-iṣẹ́ KEF ń kó fún wọn ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé wọ́n ní láti tún gbogbo rẹ̀ yà. Ìròyìn iṣẹ́ náà, tí H. D. Harwood, M. E. Whatton àti R. W. Mills kọ, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1976.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ ohùn wò ṣe pàtàkì. Wọ́n á jẹ́ kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ nínú sítúdíò, wọ́n á gbọ́ ọ lójúkojú, wọ́n á sì tún gbọ́ ọ láti inú sípíkà. Gbogbo ènìyàn ló mọ bí ohùn ọmọ ènìyàn ṣe ń dún, nítorí náà ó ṣòro láti fi ohùn tí ẹ̀rọ ti bà jẹ́ tan etí jẹ.

Àpótí

Bí wúfà bá ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fa ti ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ìró ẹ̀yìn yìí há sínú àpótí, ó sì ń lu pákó láti inú wá. Bí a bá wọn pákó ẹ̀gbẹ́, òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn LS3/5A pọ̀, fífẹ̀ wọn ju ti kóònù wúfà, ìyẹn ojú rẹ̀ tó ń ti afẹ́fẹ́, lọ ní ìlọ́po tó ju 20. Ohun tí ó fẹ̀ tó báyìí kò ní láti gbọ̀n púpọ̀ kí etí tó gbọ́ ọ. Ewu rẹ̀ ni pé pákó kì í dákẹ́ nígbà tí orin bá dákẹ́. Ó máa ń fa ohùn rẹ̀ lọ díẹ̀ sí i, ohùn yẹn kan náà ni yóò sì máa fà sórí gbogbo orin, ìbáà jẹ́ dùùrù tàbí ohùn ènìyàn. Agbẹ́lù fẹ́ kí igi òun dún, kí ó sì pẹ́ nínú dídún. Ẹni tí ó ń kan àpótí sípíkà fẹ́ òdìkejì èyí gan-an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ rò ni pé kí pákó nípọn kí ó sì le. Àwọn ẹnjiníà BBC kò gba ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1977, Harwood àti R. Mathews gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ àpótí, àlàyé wọn sì ni pé bí pákó bá ṣe ń le sí i ni ìró tí ó máa ń bá gbọ̀n á ṣe máa gòkè sí i. Bí ó bá gòkè, àárín ibi tí ohùn ènìyàn wà ni yóò bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni etí ti máa ń tètè mọ àbùkù. Yàtọ̀ sí èyí, pákó tó wúwo kì í gbọ́ràn sí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn láti pa ìgbọ̀nrìrì rẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ohun wúwo lẹ̀ lára ní tirẹ̀ máa ń gbọ̀n ní ìsàlẹ̀, níbi tí etí kò ti ní fura púpọ̀, ìgbọ̀nrìrì náà sì máa ń tètè kú.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi pláíwúùdù igi birch, tí kò nípọn ju nǹkan bí mílímítà 12 lọ, kan LS3/5A, tí wọ́n sì lẹ àwọn awẹ́ tí a fi ọ̀dà títì (bitumen) ṣe mọ́ ara pákó nínú, kí wọ́n tó fi fóòmù bo ojú wọn. Ẹni tí ó bá fi oríkèé ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbọ́ “gbì” kúkúrú kan, kò sì ní gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá lọ kan pákó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, á gbọ́ bí ohùn ṣe ń rìn lọ lára igi kó tó parẹ́.

Igi tí wọ́n fi so igun àpótí pọ̀ nínú pàápàá ní òfin tirẹ̀. Igi beech ni BBC kọ sílẹ̀, nítorí wọ́n ti rí i pé bí wọ́n bá fi igi páìnì Paraná rọ́pò rẹ̀, ohùn máa ń yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé àṣejù ni. Síbẹ̀, ojú ìsopọ̀ ni ìgbọ̀nrìrì ti ń kọjá láti pákó kan sí èkejì, kò sì sí apá kan nínú àpótí yìí tí a lè pè ní ọ̀ṣọ́ lásán.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló gba èrò BBC yìí. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ B&W ní Worthing gbé ọ̀nà Matrix jáde, nínú èyí tí wọ́n fi pákó kéékèèké há ara wọn bí afárá oyin kún inú àpótí, kí ó má bàa lè gbọ̀n rárá. Àwọn sípíkà olówó ńlá òde òní ń tọ ọ̀nà méjèèjì, ó sì jọ pé àwọn tó ń lo àpótí líle ni ó pọ̀ jù báyìí.

Wúfà àti twítà

KEF, tí Raymond Cooke dá sílẹ̀ ní Maidstone ní ọdún 1961, ni ó ṣe méjèèjì. Wúfà náà ń jẹ́ B110. Bextrene, irú ọ̀rá líle kan, ni wọ́n fi ṣe kóònù rẹ̀ dípò páálí, nítorí pé ó rọrùn láti ṣe ọ̀rá kí kóònù kan bá èkejì mu, ọ̀rinrin kò sì lè yí i padà. Ṣùgbọ́n Bextrene nìkan máa ń dún jù, nítorí náà wọ́n máa ń fi oje kan kun ojú rẹ̀ kí ó lè rọlẹ̀. Rọ́bà ni ó yí etí kóònù náà ká.

Twítà rẹ̀ ni T27. Ojú rẹ̀ rí bí ọmọrí kékeré, kò sì fẹ̀ ju mílímítà 19 lọ. Wọ́n fi irin oníhò kéékèèké bò ó kí ọwọ́ má bàa tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n sì fi òwú àgùntàn tí a tẹ̀ pọ̀ yí i ká. Iṣẹ́ òwú yìí ni láti gbé ìró tí ó bá ń rìn lọ sí etí àpótí mì, kí ó má bàa kọlu etí náà kí ó sì padà wá bá èyí tó ń lọ tààrà. Gígùn ìgbì ìró 3,000 Hz jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 11, ọ̀nà láti twítà sí etí àpótí sì sún mọ́ ìwọ̀n yìí tó láti fa wàhálà.

Krọ́sófà

Ní nǹkan bí 3,000 Hz ni krọ́sófà ti ń pín ìró, tí ó ń fi ti ìsàlẹ̀ ránṣẹ́ sí wúfà, tí ó sì ń fi ti òkè ránṣẹ́ sí twítà. Kọ́ìlì ni asẹ́ tí kì í jẹ́ kí ohùn òkè kọjá, kàpásítọ̀ sì ni asẹ́ tí kì í jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ kọjá. Ti LS3/5A ṣe ju èyí lọ. B110 máa ń pariwo díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nítòsí 1,000 Hz, krọ́sófà sì ní apá kan tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Fún T27, wọ́n fi tiransifọ́mà kékeré tó ní ojú ìsopọ̀ púpọ̀ sí i, kí ẹni tó ń ṣe é lè yan èyí tó bá twítà ọwọ́ rẹ̀ mu, nítorí pé twítà kan lè pariwo ju èkejì lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni a ṣe wọ́n.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà fún un. Ìró tí ìgbì rẹ̀ gùn ju àpótí tóóró yìí lọ kì í dúró níwájú. Ó máa ń yí ẹ̀gbẹ́ gba ẹ̀yìn lọ, ẹni tó jókòó níwájú á sì gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó ti dínkù. Kí wọ́n lè bá ara wọn dọ́gba, krọ́sófà ní láti fa ohùn àárín sílẹ̀. Ohun tí èyí ná wọn ni agbára.

Báàsì àti agbára

Kò sí ihò kankan lára àpótí LS3/5A. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ń ṣe bíi sípíríǹgì lẹ́yìn wúfà, ọ̀nà tí Edgar Villchur sọ di olókìkí ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú sípíkà AR-1 ní ọdún 1954. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe kéré tó ni sípíríǹgì náà á ṣe le tó, báàsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, á sì tètè tán. Ti LS3/5A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ kí ó tó dé 70 Hz. Ṣáájú ibẹ̀, ìró rẹ̀ wú díẹ̀ lókè 100 Hz, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé wíwú yìí ló ń jẹ́ kí etí rò pé báàsì rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Bí a bá wọn ìró rẹ̀ ní mítà kan, a máa ń rí nǹkan bíi désíbẹ́ẹ̀lì 83 (désíbẹ́ẹ̀lì ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó). Sípíkà tó bá dé 93 nílò ìdá kan péré nínú mẹ́wàá agbára tí LS3/5A ń gbà láti pariwo dé ibi kan náà. Síbẹ̀, wáàtì 25 ni wọ́n kọ sí i lára. Kò yẹ fún òde àríyá. Josef Anton Hofmann, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ni a ń dárúkọ mọ́ òfin tó ṣàlàyé èyí: nínú àpótí kékeré, báàsì jíjìn àti ohùn tó ń jáde pẹ̀lú agbára díẹ̀, ẹnjiníà lè rí méjì gbà, kò lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn tó ṣe é

Rogers, Chartwell àti Audiomaster wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó gba àṣẹ. Lẹ́yìn wọn ni Spendor, Goodmans, KEF fúnra rẹ̀, àti Harbeth tí Harwood dá sílẹ̀ ní 1977 wọlé. Gbogbo wọn ń tẹ̀lé ìwé ìlànà kan náà. Ọ̀ọ́mù 15 (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó ń wọ inú rẹ̀) ni ti àtìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1980, nítorí pé B110 ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún krọ́sófà yà, ó sì di ọ̀ọ́mù 11. Àwọn tó ń kó wọn jọ ṣì ń jiyàn lórí èyí tó dára jù.

Nígbà tí KEF kò ṣe wúfà àti twítà wọ̀nyí mọ́, iṣẹ́ náà dúró. Lẹ́yìn ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Falcon Acoustics tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe LS3/5A pẹ̀lú àṣẹ BBC, pẹ̀lú B110 àti T27 tí wọ́n ṣe ní tuntun. Malcolm Jones ló dá Falcon sílẹ̀, òun kan náà ló sì ya B110 àti T27 ti àkọ́kọ́ nígbà tó wà ní KEF.