Nígbà Tí Irun Bá Ń Re Lórí Ìyá Ọmọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní ilé onídìrí tí mo máa ń lọ ní Kubwa, ní Àbújá, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwa abiyamọ. Ẹnì kan yóò tú gèlè, yóò jókòó, kí onídìrí tó fi ìlarí kan orí rẹ̀ ni yóò sì ti máa bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, nítorí pé irun òun kò tó nǹkan mọ́ láti ìgbà tí òun ti bímọ. Ọmọ 3 ni mo bí. Lẹ́yìn ìkejì, mo sunkún nítorí irun, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà tó ń tọ́jú awọ ara. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ àti èyí tí mo ti kà láti ìgbà náà ni mo fi ń dá àwọn obìnrin tó ń bi mí lóhùn, mo sì kọ wọ́n síbí bí wọ́n ṣe bi mí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi pé oṣù 4. Nígbà tí mo lóyún, irun mi kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí mo bímọ pàápàá kò sí ohun tó ṣe é. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí, tí ara mi ti ń mókun, ló ń re ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́?

Ìdáhùn: Láti nǹkan bí oṣù 3 sẹ́yìn ni irun tó ń re lónìí ti kú sórí yín. Nǹkan bí 100,000 irun ló wà lórí ènìyàn, olúkúlùkù wọn ló sì ní ìgbà tirẹ̀: yóò dàgbà fún ọdún 2 sí 6, yóò dúró láìdàgbà fún nǹkan bí oṣù 3, lẹ́yìn náà ni yóò bọ́, tí òmíràn yóò sì hù láti inú ihò kan náà. Nítorí pé ìgbà wọn kò bá ara mu, irun 50 sí 100 ló ń bọ́ lórí wa lójoojúmọ́ tí a kò fura. Tí obìnrin bá lóyún, họ́mọ́ònù tí wọ́n ń pè ní estrogen a pọ̀ lára rẹ̀, a sì mú kí ọ̀pọ̀ irun tí ìgbà ìsinmi rẹ̀ ti tó ṣì máa dàgbà lọ. Ìdí nìyẹn tí orí aláboyún fi ń kún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ọmọ bá ti wáyé, họ́mọ́ònù náà a lọ sílẹ̀, gbogbo irun tó ti jókòó dè é náà a sì wọ ìsinmi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá ka oṣù 3 láti ọjọ́ ìbímọ, ẹ ó rí i pé ọjọ́ wọn pé.

Bí àjọ ló rí: ohun tó yẹ kí ẹ gbà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 9 ni alájọ kó lé yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan. Pípọ̀ rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n irun tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé tẹ́lẹ̀ ni. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 2 sí 4 lẹ́yìn ìbímọ, ó máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù 4, ó sì máa ń rọlẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ibà tó le gan-an, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí lẹ́yìn tí oyún bá wálẹ̀. Ẹni tí oyún wálẹ̀ lára rẹ̀ kì í sì í sábà rí ẹni tí yóò sọ fún un pé ohun tó ń gba irun lórí òun nìyẹn.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún èmi náà. Ní òru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọmọ mi kejì sunkún títí, kò mu ọmú, kò gba ìpẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, irun orí mi kan ṣoṣo ló ti lọ́ mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìka náà wú tó sì pọ́n bí ata rodo. Irun náà tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé iná fóònù ni mo fi rí i, èékánná ni mo sì fi tú u. Ká ní mi ò rí ìdí rẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ló kàn lóru náà, nítorí pé irun bẹ́ẹ̀ lè dí ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìka títí ìka yóò fi kú. Ní àwọn oṣù tí irun yín ń re, ẹ máa yẹ ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ọmọ wò nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ wo nǹkan ọkùnrin rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ní ọmọ tó ti ń dá mi mọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ló ń gba irun lórí mi. Aládùúgbò mi ní ọwọ́ ayé ni. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ìyá ọkọ yín lójú inú. Oṣù tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀, tó ń na ọwọ́ sí irun rẹ̀, ni oṣù tí irun ń re gan-an. Àwọn àgbà rí ohun méjì tó jọ dé, wọ́n sì fi ọ̀kan ṣe ìdí èkejì. Ní ti ayé, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ máa kó irun tó re jọ bí ẹ ṣe ń kó o tẹ́lẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ nù síbi tí ọkàn yín bá balẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ra àbẹ́là. Ọmú fífún náà kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí irun.

Ìbéèrè: Òróró wo ni kí n rà? Oníṣòwò kan ní ọjà Wuse fi àwòrán oníbàárà rẹ̀ tí orí rẹ̀ kún padà hàn mí.

Ìdáhùn: Àwòrán náà lè má jẹ́ irọ́, kí òróró náà sì máà ṣe ohunkóhun. Obìnrin kì í jáde lọ wá òróró ní ọjọ́ kejì ìkómọ. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ti bà á tó, ní oṣù 5 tàbí 6, ló máa ń lọ, ìgbà yẹn náà sì ni irun máa ń fẹ́ dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ohunkóhun tó bá fi pa orí lọ́sẹ̀ náà, ìbáà jẹ́ àdí, omi àlùbọ́sà tàbí ìgò olówó ńlá, ni yóò gba ìyìn. Èmi náà ti yin òróró àgbọn lógo fún odidi ọdún kan.

Mi ò sọ pé òórì kò wúlò. Ní Àbújá àti jákèjádò Òkè Ọya, ọyẹ́ máa ń fa omi tán lára irun títí yóò fi máa gé láàárín, òórì tí a bá sì fi pa irun tó ṣì tutù lẹ́yìn fífọ̀ máa ń dín èyí kù. Ẹ mú ọ̀kan nínú irun tó bọ́, ẹ gbé e sójú iná: tí ẹ bá rí kókó funfun kékeré ní ìdí rẹ̀, ó re ni; tí kò bá sí, ó gé ni. Òórì lè gba èyí tó ń gé là, kò lè dá èyí tó ń re dúró. Ní ti biotin, oògùn fítámìn tí wọ́n ń tà kiri, ẹni tí èròjà náà kò tó lára rẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Ó tún lè mú kí èsì àyẹ̀wò tairọ́ìdì, ẹṣẹ́ ọrùn tó ń ṣe họ́mọ́ònù, parọ́. Àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní ọdún 2017 pé ó ń da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú. Tí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, síbẹ̀ iwájú orí mi kò kún padà. Ṣé ti ìbímọ náà ṣì ni?

Ìdáhùn: Ó ṣòro kó jẹ́ òun. Ti ìbímọ máa ń fẹ́lẹ́ káàkiri orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bátí méjèèjì ni a kọ́kọ́ ń rí i sí. Nígbà tó bá sì ń padà bọ̀, ẹ ó rí irun kúkúrú tó nàró gangan níwájú orí, tí kò ní gbà kí a dì í mọ́ èyí tó gùn. Nǹkan bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1 ni irun ń gùn lóṣù, nítorí náà ó lè ti hù tán kó má tíì gùn. Ṣùgbọ́n tí ọdún kan bá kọjá tí ẹ kò rí irú irun kúkúrú bẹ́ẹ̀, ibi tí orí ti ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè.

Tó bá jẹ́ etí irun, ọwọ́ àwa fúnra wa ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ tí kò ráyè a fẹ́ irun tí yóò lo ọ̀sẹ̀ 8, a sì ní kí onídìrí fà á le kó lè pẹ́. Irun tó ti fẹ́lẹ́ náà ni a ó wá di ẹrù àsomọ́ lé lórí. Lóru ọjọ́ náà, kò ní lè fi orí lé ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ yóò fà sókè, kókó wẹ́wẹ́ yóò sú sí ìdí irun. Yóò lo parasitamọ́ọ̀, yóò sì ní irun náà mú òun lójú dáadáa. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù wíìgì kún un, kí ẹ fi gèlè tí a so le láti àárọ̀ Sátidé di alẹ́ kún un. Ẹni tó bá sì ní ti ìbílẹ̀ kì í pani lára kò tíì jókòó sábẹ́ ọwọ́ ìyá onídìrí kan tí mo mọ̀ ní Nyanya, nítorí pé ṣùkú tí a fà le àti irun tí a fi òwú kó le ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àmì rẹ̀ ni pé irun wẹ́wẹ́ díẹ̀ a máa ṣẹ́kù sí etí orí gan-an, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì pá. Tí fífà bá tètè dáwọ́ dúró, irun yóò padà. Tó bá ti di ọ̀pọ̀ ọdún, ihò irun a dí pa.

Tó bá jẹ́ àtàrí ló ti bẹ̀rẹ̀, tó ń yún yín tàbí tó ń ta yín, tí ojú ibẹ̀ sì ń dán, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Àrùn kan wà tó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, tó ń ti àtàrí ràn káàkiri, tó sì ń sọ ihò irun di àpá. Dókítà awọ ara lè dá a dúró níbi tó dé, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ìlà orí tó kàn ń gbòòrò sí i lọ́dọọdún sábà máa ń jẹ́ ti ìdílé. Ibi tó bá pá róbótó lójijì, ẹ gbé òun náà lọ fún dókítà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára mi, ṣùgbọ́n PCV mi jẹ́ 36, nọ́ọ̀sì sì ní kò burú. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Ìdáhùn: Ìkòkò lè kún lórí iná kí àpò ìrẹsì sì ti ṣófo nínú yàrá. PCV ń sọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń lọ káàkiri ara. Èròjà iron tí ara tọ́jú pa mọ́, àyẹ̀wò ferritin ló ń sọ tirẹ̀, ó sì máa ń tètè tán lára ẹni tó sọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nù nígbà ìbímọ tàbí tí oyún rẹ̀ súnmọ́ra. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni ẹ ó máa jẹ, àti zogale, ewé mòríńgà tí àwọn Hausa ń pò mọ́ kúlíkúlí, tí owó rẹ̀ kò ga ní àwọn ọjà wa. Ẹ fi ọsàn tẹ̀lé e. Kí tíì jìnnà sí àsìkò oúnjẹ, nítorí pé ó ń dí iron lọ́wọ́. Tí àyà bá ń lù kìkì tí ẹ sì ń rù láìgbààwẹ̀, tàbí tí òtútù ń mú yín níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń làágùn, ẹ ní kí wọ́n yẹ tairọ́ìdì wò, torí pé ó máa ń dàrú lára àwọn kan ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ.

Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ Hausa fi ìfẹ́ gbé kúnú tí a fi káún sè wá fún mi nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ó sì ní kí n wẹ omi gbígbóná fún ọjọ́ 40, èyí tí wọ́n ń pè ní wankan jego. Kò sí ohun tó kan irun nínú rẹ̀. Iyọ̀ sì pọ̀ nínú káún, àwọn dókítà ní Zaria sì ti so ó pọ̀ mọ́ àìsàn ọkàn lára ọlọ́mọ tuntun láti àwọn ọdún 1970. Mo dúpẹ́, mo gbé kúnú náà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní minoxidil, oògùn tí wọ́n fi ń mú irun hù. Mo ṣì ń fún ọmọ lọ́mú.

Ìdáhùn: Ẹ gbé e pa mọ́ títí ẹ ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, àfi tí dókítà yín bá sọ ohun mìíràn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó rí i pé irun ń hù lára àwọn tó ń lò ó. Ó dára fún irú tí ìlà orí ń gbòòrò, ṣùgbọ́n oṣù bíi 4 yóò kọjá kí a tó rí nǹkan, irun tilẹ̀ lè kọ́kọ́ re sí i, tí a bá sì dáwọ́ dúró, ohun tó hù a padà lọ. Kí ni a fẹ́ fi ṣe lórí irun tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú gé e mọ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Gígé kò kan ìdí irun, nítorí náà kò ní dá ríre dúró, ó kàn ń mú kí orí tó fẹ́lẹ́ má hàn tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní sí irun gígùn tí yóò lọ́ mọ́ ìka ọmọ. Èmi gé tèmi lẹ́yìn ọmọ kẹta. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọkọ mi gbọ́ sí i kó tó tan ẹ̀rọ. Owó tó gbà kò tó ìdá mẹ́wàá owó ìgò òróró irun tí mo rà ní ọdún tí mo bí èkejì.